Iyọ̀ Kan, Iṣẹ́ Méjì: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ilé Mọ̀ Nípa Magnesium Sulphate

  

Kì í ṣe lásán ni àwọn baba wa fi ń kí ìyá ìkókó pé "ẹ kú ewu." Wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run ni aboyún wà. Nítorí náà ni àdúrà wọn kò fi gùn: kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Nínú gbogbo ìròhìn tí a ń tẹ̀ sínú ìwé yìí, ìròhìn ìsọmọlórúkọ ló ń dùn mọ́ wa jù. Kí irú ìròhìn bẹ́ẹ̀ lè máa pọ̀ sí i láàárín wa ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ oògùn kan wá lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fọwọ́ kan oògùn náà rí, láìmọ̀ pé òun kan náà ni àwọn dókítà fi ń gba ẹ̀mí aboyún là.

Magnesium sulphate ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ní ọjà àti ní kẹ́mísì, iyọ̀ Epsom ni a mọ̀ ọ́n sí. Ó funfun, ó ń dán, ó sì korò lẹ́nu. Àwọn kan ń pò ó mu láti fi fọ inú, àwọn kan ń dà á sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti fi rẹ ẹsẹ̀, àwọn mìíràn sì ń fi í sí ojú eéwo.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé iyọ̀ inú páálí kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn lè máa mu bó ṣe wù wọ́n, pàápàá aboyún àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá. Èkejì ni pé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá fẹ́ di gìrì lára aboyún, iyọ̀ kan náà yìí, tí a ti ṣe sínú ìgò abẹ́rẹ́, tó sì wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ni oògùn tó dára jù lọ tí ayé mọ̀ fún un. Ẹni tó bá da ọ̀ràn méjèèjì pọ̀ lè fi ẹ̀mí dí i.

IBI TÍ IYỌ̀ NÁÀ TI WÁ

Epsom jẹ́ ìlú kan ní ẹkùn Surrey, kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ní 1618, nígbà tí omi wọ́n, àgbẹ̀ kan rí kànga kan, ó sì da màálù rẹ̀ lọ mumi níbẹ̀. Màálù kọ omi náà, nítorí ó korò. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí pé omi yìí a máa mú egbò jinná, ẹni tó bá sì mu ún, inú rẹ̀ á ṣí. Bí wọ́n ti ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá mu ún nìyẹn. Ní 1695, dókítà kan tó ń jẹ́ Nehemiah Grew kọ ìwé lórí iyọ̀ kíkorò tí wọ́n ń rí nínú omi náà. Láti ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti di orúkọ oògùn, tó sì rìn títí dé orí àtẹ wa ní Mile 3 àti Rumuokoro.

FÍFI Í FỌ INÚ

Bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò bá rí ìgbẹ́ yà, ó lè po ìwọ̀n tí a kọ sára páálí mọ́ omi, kí ó mu ún. Láàárín ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí mẹ́fà, inú rẹ̀ á ṣí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Ìfun kì í lè gba púpọ̀ nínú iyọ̀ náà sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, iyọ̀ á jókòó sínú ìfun, á máa fa omi mọ́ra, ìgbẹ́ á rọ̀, á sì jáde.

Ìwọ̀nba tó bá ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ni í máa sẹ́ ẹ jáde sínú ìtọ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí kíndìnrín kò bá lágbára, tàbí bí ẹni náà bá mu ún ju bó ṣe yẹ lọ, magnesium á kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara á kọ́kọ́ rọ̀, oorun á máa kun ẹni náà, ìfúnpá rẹ̀ á wálẹ̀. Bó bá pọ̀ sí i, mímí rẹ̀ á fà sẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ sì lè dá iṣẹ́ dúró. Iyọ̀ yìí ti pa ènìyàn rí, àgbà àti ọmọdé, ní àwọn ìlú tí dókítà pọ̀ sí ju tiwa lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àìsàn kíndìnrín kò gbọdọ̀ mu ún. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún àyàfi bí dókítà bá ní kí ó mu ún. Ẹ má ṣe fún ọmọdé nítorí pé ẹ fẹ́ fọ inú rẹ̀. Ẹni tí inú ń dùn gidigidi tó sì ń bì kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí i, nítorí ó lè jẹ́ pé ìfun rẹ̀ ló dí tàbí pé ìfun kékeré ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló wú, oògùn ìyàgbẹ́ sì lè mú kí ó bẹ́. Ẹni tó ń lo tetracycline tàbí ciprofloxacin gbọ́dọ̀ mọ̀ pé magnesium a máa so mọ́ oògùn wọ̀nyí nínú ìfun, kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Kí ó bi oníkẹ́mísì tó mọṣẹ́ bí yóò ṣe fi àyè sí àárín wọn. Ní ti àwọn tó ń fọ inú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, inú kì í ṣe ìkòkò tí a ń fi kànìnkànìn fọ̀. Fífọ̀ ní gbogbo ìgbà a máa mú omi àti èròjà tó yẹ kó wà lára jáde.

ẸSẸ̀ WÍWÚ ÀTI OMI IYỌ̀

Rírẹ ẹsẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní iyọ̀ Epsom kò burú fún ẹni tó ti dúró sẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀. Ara á tù ú. Àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ náà a máa fi ìpara rẹ̀ sójú eéwo. Ṣùgbọ́n kí oní-àtọ̀gbẹ má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jóná kó má mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ wá lógún jù níhìn-ín ni ti aboyún. Bí ẹsẹ̀ aboyún bá wú, àwọn aládùúgbò á ní kí ó lọ fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aboyún máa ń wú díẹ̀, kò sì ní ewu. Ṣùgbọ́n bí ojú àti ọwọ́ bá wú lójijì, tí òrùka kò wọ ìka mọ́, ó lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún. Omi iyọ̀ lè mú kí ara tù ú lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò lè wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó tó ronú omi iyọ̀.

GÌRÌ ABOYÚN

Àìsàn tí à ń sọ yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oyún bá ti pé 20 ọ̀sẹ̀. Ìfúnpá obìnrin tí ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí nọ́ọ̀sì bá wọ̀n ọ́n tó bá 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti àmójútó. Bó bá tó 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ewu ńlá ti dé. Bí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sábà máa ń rí protein nínú rẹ̀, nítorí kíndìnrín ti ń jò. Ibi ọmọ ni gbòǹgbò àìsàn náà. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn dé ibẹ̀ bó ti yẹ, ibẹ̀ sì ni ohun tó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ ti ń jáde, tó ń dé ẹ̀dọ̀, tó ń dé kíndìnrín, tó sì ń dé ọpọlọ. Bó bá ti mú ọpọlọ, gìrì dé nìyẹn: ara obìnrin náà á le, ojú á yí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, kò sì ní mọ ibi tó wà mọ́.

Kì í ṣe wárápá. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Kì í sì ṣe pé obìnrin náà jáde nínú òtútù. Nígbà tí àwọn olùwádìí bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀pọ̀ ló sọ pé ìrònú ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún, òtútù ló sì ń fa gìrì rẹ̀. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ti bá wa dé Port Harcourt, nítorí a kì í fi èrò ẹni sílẹ̀ ní gáréèjì. Ẹni tó bá gbà pé òtútù ló fà á, aṣọ àti àgbo gbígbóná ni yóò máa wá kiri nígbà tí àkókò ń lọ.

A ní ìdí mìíràn láti ṣọ́ra, àwa Yorùbá. Gbogbo ayé mọ̀ pé a ń bí ìbejì. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní Ìgbò-Ọrà ní àwọn ọdún 1960, ó rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, nǹkan bí 45 jẹ́ ìbejì, èyí tó pọ̀ jù tàwọn orílẹ̀-èdè òyìnbó lọ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn ni ìbejì, ṣùgbọ́n aboyún ìbejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru yìí tún máa ń dojú kọ jù. Bákan náà ni ti ẹni tó lóyún àkọ́kọ́, ẹni tó ti ṣe é rí nínú oyún tẹ́lẹ̀, ẹni tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ṣe é rí, àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn kíndìnrín kí ó tó lóyún. Kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ sọ fún dókítà ní kété tí wọ́n bá ti lóyún, nítorí oògùn aspirin kékeré wà tí dókítà lè fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún láti dín ewu náà kù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ara rẹ̀.

BÍ AYÉ ṢE FẸNU KÒ LÓRÍ OÒGÙN NÁÀ

Ní 1906, dókítà kan ní Jámánì fi magnesium sulphate tọ́jú gìrì aboyún. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó káàkiri. Dókítà Pritchard ní ìlú Dallas sì ṣe ìlànà kan, tí àwọn ilé ìwòsàn púpọ̀ ní Áfíríkà ń tẹ̀ lé títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà Bìrìtìkó kò gbà bẹ́ẹ̀. Diazepam, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Valium, ni wọ́n ń lò, tàbí phenytoin. Àwọn dókítà tiwa tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àríyànjiyàn yìí wà, tí obìnrin sì ń kú.

Ní 1995 ni wọ́n yanjú rẹ̀. Wọ́n kó 1,687 obìnrin tí gìrì aboyún mú jọ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì fi àwọn oògùn náà wé ara wọn. Ìgbà tí gìrì padà mú àwọn tó gba magnesium fi ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó gba diazepam, ó sì fi ìdá 67 dín sí ti àwọn tó gba phenytoin. Ní 2002, ìwádìí kejì jáde, tí Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 33 tó kópa nínú rẹ̀. Obìnrin 10,141 tí ẹ̀jẹ̀ ń ru nínú oyún, ṣùgbọ́n tí gìrì kò tíì mú, ni wọ́n lò. Àwọn tó gba magnesium, gìrì tó mú wọn kò tó ìlàjì ti àwọn tí kò gbà á. Oògùn náà ń dá gìrì tó ti dé dúró, ó sì ń dènà èyí tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní Kánò, ní 2008, wọ́n mú oògùn yìí wọ ilé ìwòsàn ìjọba mẹ́wàá, wọ́n sì kọ́ àwọn dókítà àti agbẹ̀bí bí a ṣe ń lò ó. Tẹ́lẹ̀, nínú 100 obìnrin tí irú àìsàn yìí gbé dé ibẹ̀, nǹkan bí 21 ló ń kú. Láàárín ọdún kan tí wọ́n fi tọ́jú obìnrin 1,045, iye tó ń kú wálẹ̀ sí bí méjì nínú 100. Kò sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́, kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye. Iyọ̀ ni, àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò.

Síbẹ̀, àìsàn náà kò tíì fi wá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ní ilé ìwòsàn ńlá 42 ní Nàìjíríà láàárín 2012 àti 2013, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún àti gìrì rẹ̀ ló ṣíwájú gbogbo ohun tó ń pa aboyún tàbí tó ń gbé wọn dé bèbè ikú. Kì í sì ṣe àìsàn tálákà nìkan. Tori Bowie, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba wúrà nínú eré sísá ní Òlíńpíìkì 2016, kú nílé rẹ̀ ní 2023 pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò kọ ọ́ pé gìrì aboyún wà lára ohun tó ṣeé ṣe kó fà á.

BÍ WỌ́N ṢE Ń LÒ Ó, ÀTI BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢỌ́ Ọ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé, nígbà tó jẹ́ iyọ̀ kan náà ni, kí a pò ó fún aboyún mu nílé. A ti sọ pé ìfun kì í gbà á tó. Èyí tí aboyún bá mu á kàn sọ ọ́ di ìgbẹ́ gbuuru, omi ara rẹ̀ á gbẹ, gìrì kò sì ní gbọ́. Èyí tó wà nínú páálí kò sì ṣeé fi gún ẹnikẹ́ni, nítorí a kò ṣe é fún inú ẹ̀jẹ̀.

Nínú ìlànà Pritchard, giramu mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún obìnrin náà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á tún gún un ní giramu márùn-ún sí ìdí ọ̀tún àti márùn-ún sí ti òsì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa fún un ní giramu márùn-ún ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, títí wákàtí 24 á fi pé lẹ́yìn tó bímọ tàbí lẹ́yìn gìrì tó mú un kẹ́yìn. A sọ èyí kí ẹ má bàa gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn láìtíì tó àkókò, pé ara rẹ̀ ti yá. Ìdajì oògùn kò tó.

Kí wọ́n tó fún un ní òmíràn, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wo nǹkan mẹ́ta. Á ka mímí rẹ̀, kí ó tó 16 ní ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Á fi òòlù kékeré kan orúnkún rẹ̀ láti rí i bóyá ẹsẹ̀ á ta sókè. Á wọn ìtọ̀ rẹ̀, kí ó tó 30 mìlílítà ní wákàtí kan. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, kò ní fún un. Bí oògùn bá sì pọ̀ jù lára, ẹ̀rọ̀ rẹ̀ wà: calcium gluconate, tó yẹ kó wà nítòsí ibùsùn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì tó ń lu orúnkún ìyàwó yín, kì í ṣe eré ló ń ṣe.

Obìnrin náà lè sọ pé ara òun gbóná bí iná, pé òun ń làágùn, pé èébì ń gbé òun, tàbí pé ibi abẹ́rẹ́ ń dun òun. Èyí wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe ìdí láti kọ oògùn. Ṣùgbọ́n bí mímí rẹ̀ bá fà sẹ́yìn, bí ọ̀rọ̀ bá lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tàbí bí kò bá lè gbé ọwọ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ sì mọ ibi tí agbára oògùn yìí mọ. Gìrì ló ń dá dúró. Oògùn mìíràn ni dókítà ń fún un láti mú ìfúnpá wálẹ̀. Bíbí ọmọ àti ibi ni òpin àìsàn náà gan-an, nítorí náà dókítà lè sọ pé kí a gbẹ̀bí rẹ̀ kíákíá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ abẹ. Bí ọmọ kò bá tíì tó 32 ọ̀sẹ̀, abẹ́rẹ́ kan náà yìí a tún máa dáàbò bo ọpọlọ ọmọ náà.

ÀWA TÍ A WÀ NÍ ÌDÁLẸ̀ ŃKỌ́?

Nílé, ìyá ọkọ wà nítòsí, ìyá ìyàwó kò jìnnà. Níhìn-ín, ó lè jẹ́ pé ọkọ wà lórí omi níbi iṣẹ́ epo, ìyàwó sì dá wà pẹ̀lú ọmọ kékeré. Nítorí náà ni a ṣe ń rọ̀ yín báyìí.

Kí gbogbo aboyún forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, kí wọ́n sì máa wọn ìfúnpá rẹ̀ nígbà gbogbo tó bá lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ó lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ru kí obìnrin má mọ nǹkankan lára. Ẹ bi wọ́n léèrè níbẹ̀ pé, "Ṣé ẹ ní abẹ́rẹ́ magnesium? Bí gìrì bá dé, ibo ni ẹ ń gbé ènìyàn lọ?" Ìbéèrè yìí kò ní ìtìjú nínú.

Àmì tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sùn mọ́jú ni ìwọ̀nyí: orí fífọ́ tí panadó kò ràn, ojú tó ń ṣe bàìbàì tàbí tó ń rí bí ìràwọ̀, ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún tàbí ní òkè ikùn, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, èébì nígbà tí oyún ti dàgbà, mímí tó ń ṣòro, àti ìtọ̀ tó dín kù. Àmì wọ̀nyí lè wá lẹ́yìn ìbímọ pẹ̀lú, títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ má ṣe sọ pé a ti kómọ jáde, ewu ti tán.

Bí gìrì bá dé, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe da àgbo, epo tàbí omi sí i lọ́fun, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná. Àgbo ìtọ̀ màálù tí àwọn kan ń lò fún gìrì ọmọdé, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti fi hàn láti àwọn ọdún 1970 pé ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dí mímí lọ́wọ́. Ẹ gbé e lọ, bí gìrì náà tilẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ibo ni ẹ ó gbé e lọ? A mọ̀ pé ilé ìwòsàn tó gbajúmọ̀ jù ní Rumuigbo ni ti àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. Bí ènìyàn bá rí obìnrin tó ń jà tó sì ń sọ ìsọkúsọ lẹ́yìn gìrì, ọkàn rẹ̀ lè lọ síbẹ̀. Aboyún kọ́ ni ti ibẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ní dókítà agbẹ̀bí ni kí ẹ gbé e lọ: University of Port Harcourt Teaching Hospital ní Alakahia, tí ẹ ó gba Rumuokoro já sí East-West Road, tàbí Rivers State University Teaching Hospital láàárín ìlú, èyí tí a ń pè ní Braithwaite tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀nà bá dí, tí ilé ìwòsàn kékeré sì wà nítòsí, ẹ kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2014 gbà kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ náà fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kí ó tó máa lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ra oògùn náà, ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e fún dókítà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí kò sí ẹni tí yóò ka mímí rẹ̀ níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń rán ìyàwó lọ bímọ nílé. Kò burú, bó bá lọ ní àkókò tí ara rẹ̀ le, tó sì mú káàdì rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí orí ń fọ́, kì í ṣe ẹni tí a ń gbé sínú mọ́tò tí yóò gba Benin àti Ọ̀rẹ̀ kó tó dé Ìbàdàn. Bí gìrì bá mú un láàárín igbó, awakọ̀ kò ní oògùn.

Èyí tó kù ni ti àṣẹ. Bí dókítà bá ní kí a gbẹ̀bí rẹ̀ nísinsìnyí, kí ọkọ má ṣe máa pe Ìjẹ̀bú tàbí Ìlọrin pé kí ẹbí pàdé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kí tọkọtaya ti sọ ọ́ láàárín ara wọn kí oṣù tó pé: ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé bí ọkọ kò bá sí nílé, ta ló ní mọ́tò ní àdúgbò, ta ni yóò tọ́jú ọmọ tó kù, owó wo la ti yà sọ́tọ̀. A dá a lábàá pé kí ilé kọ̀ọ̀kan kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó ní mọ́tò sára ògiri. Ìgbà tí ara aboyún ṣì le ni kí a ti ṣe ètò yìí. Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tí kò lè kà á, pàápàá àwọn ìyá àgbà tó ń wá tọ́jú ọmọ. Iyọ̀ tó wà nínú páálí, ẹ jẹ́ kí ó mọ ààyè rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ dókítà, ẹ jẹ́ kí aboyún tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ojú ìwé ìsọmọlórúkọ wa máa kún, kí a máa gbóhùn ìyá, kí a máa gbóhùn ọmọ.